Ohun Tó Rú Mi Lójú Nídìí Pùláànù Ilé Ìyá Rísì

Ọ̀gá Bùráímọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ìgbín fún mi, nídìí tábìlì rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, lọ́jọ́ tí màmá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ pùláànù yíyà. Kò tíì béèrè orúkọ mi. Ó kàn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé o mọ ìdí tí ìgbín fi ń gbé ilé rẹ̀ kiri?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ìgbín fẹ́ kọ́lé," ló wí, "ó wá lọ bá Erin pé kó fún òun láṣẹ. Erin ní kò burú, àmọ́ kó kọ́kọ́ lọ gba ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu Ọ̀kẹ́rẹ́ pé igi tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ò lè sọ̀rọ̀ igi láìjẹ́ pé Òkété, tó ni abẹ́ ilẹ̀, ti sọ̀rọ̀ gbòǹgbò. Òkété ní kí ìgbín gbé ilé náà wá ná, kí òun mọ bí yóò ṣe wúwo tó lórí òun. Ìgbín lọ kọ́lé, ó gbé e pọ̀n, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Òkété. Òkété ní, 'Ta ló fún ọ láṣẹ kí o tó kọ́ ọ? Padà sọ́dọ̀ Erin.' Láti ìgbà náà ló ti ń lọ tó ń bọ̀. Ìlà tó ń dán lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ibi tó ti fọwọ́ síwèé ni."

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín, mo ṣebí ìdánwò ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló wá jẹ̀bi nínú wọn?"

Ọ̀gá Bùráímọ̀ yíjú sí màmá mi. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Èyí á pẹ́ nídìí iṣẹ́."

Mo pẹ́ nídìí rẹ̀ lóòótọ́. N kò tíì darúgbó o. Ojú mi ló fẹ̀yìn tì, èmi kàn tẹ̀lé e ni. Ẹ̀yin ọmọ tó ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lórí àtẹ, ẹ máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára. Ẹ jókòó, kò sí kánkán. Ọ̀rọ̀ owó kò gùn: ọjọ́ kan ó wà, ọjọ́ kan kò sí, a jẹun, àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ohun tó rú mi lójú nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí òun ló pọ̀ jù.

Ọ̀gá Bùráímọ̀ le bí ọlọ ata. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ mi kò ju kí n máa gbẹ́ pẹ́ńsù, kí n sì máa fa ìlà. Ìlà lásán. N ó fà á láàárọ̀, yóò gbé ìwé náà sókè síhà fèrèsé, yóò ní, "Ìlà tó bá gbọ̀n, ilé tó gbọ̀n ni," yóò sì fà á ya. Ìgbà tí ọwọ́ mi fi rọlẹ̀, mo rò pé pálọ̀ ni yóò ní kí n yà. Ilé ìgbẹ́ ló fún mi. Ó ní ẹni tí kò bá lè ya ibi tí wọ́n ti ń ṣe gáà kò gbọdọ̀ ya ibi tí wọ́n ti ń gbàlejò. Mo yà á, mo gbé e fún un pẹ̀lú ìdùnnú.

"Sàká, ilẹ̀kùn yìí, ibo ló ń ṣí sí?"

"Ó ń ṣí sínú, Ọ̀gá."

"Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Kó gun orí àwo ìgbẹ́ ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo tún un yà.

Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: a kì í ya ilé sórí ilẹ̀ tí a kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn òjò. "Ní Àkókó wa níbí," ló máa ń wí, "àpáta ló ni ilẹ̀, àgbàrá ló ni ọ̀nà, ọmọ ènìyàn kàn ń yá a gbé ni." Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe gun òkè, tí a ó sọ̀ kalẹ̀, tí bàtà wa yóò di ẹrẹ̀, tí onílẹ̀ yóò máa wò wá bí ẹni tí orí wọn dàrú.

Àwọn ohun tí ìjọba ń béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kéèyàn kọ́lé, bí orin ló ṣe kọ́ mi. Bí mo bá ń gbálẹ̀ ni n ó máa wí i: "Ilẹ̀ ta ni? Ta ló wọ̀n ọ́n? Ta ló yà á? Ta ló ní kò ní wó? Owó orí dà? Àyè dà?" Ilẹ̀ ta ni, ìyẹn ìwé tí olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ tàbí tó pín in fọwọ́ sí. Ta ló wọ̀n ọ́n, ìyẹn ìwé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní àṣẹ. Ta ló yà á, iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ta ló ní kò ní wó, òǹtẹ̀ ẹnjiníà ni, pàápàá bí ilé bá lókè. Owó orí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àyè sì ni ìwọ̀n tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí títì, sí odò, sí abẹ́ wáyà iná, sí ògiri aládùúgbò. Èyí tí wọ́n ń fi èdè òyìnbó pè ní sẹ́tíbáàkì nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Orin náà dùn lẹ́nu, àmọ́ ijó rẹ̀ ṣòro. Mo rí bàbá àgbẹ̀ kan láti Etioro tó lọ gba ìwé owó orí. Akọ̀wé ní kó sọ ibi tí ilé rẹ̀ wà kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá ní, "Òun gan-an ni mo fẹ́ kọ́. Ìwé yìí ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú wá kí n tó kọ́ ọ." Akọ̀wé ní, "Ẹ wá ń gbé lórí igi ni?" Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wo èmi, bí ẹni pé èmi ni mo dá ayé. Mo rí ẹni tó lọ sí Ìkàrẹ́, wọ́n ní abẹ́ Ọ̀kà ni ilẹ̀ rẹ̀ wà. Ó dé Ọ̀kà, wọ́n ní irú ilé tirẹ̀, ó di Àkúrẹ́. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ohun tó wà nísàlẹ̀ orin náà á bọ́ sókè. Títí di òní yìí, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè kọ orin náà láìṣì í, àmọ́ n kò lè búra èwo ló yẹ kó ṣáájú.

Irinṣẹ́ náà yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tèmi, orí bébà kan tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà la ti ń fi tàdáwà yàwòrán. Bí ọyẹ́ bá dé, tàdáwà á gan mọ́ ẹnu kálámù. Bí ọwọ́ bá ṣì, abẹfẹ́lẹ́ la fi ń ha á, díẹ̀díẹ̀, kí ìwé má lu, àpá rẹ̀ a sì wà níbẹ̀ títí ayé. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Kọ̀ǹpútà kì í ní àpá. Ó yá, ó mọ́, mo kọ́ ọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ya ilé kan ṣoṣo fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà láìjáde ní ṣọ́ọ̀bù. Àpá tí kò sí lórí ìwé, ara ilé la ti wá ń rí i.

Ìgbà tí mo ti gbòmìnira, tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ọ̀kà, ni Ìyá Rísì wọlé tọ̀ mí wá. Opó ni, irú àti ata gígún ló ń tà. Ilé amọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà létí títì níbi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, òjò sì ti wó o. Òun àti Rísì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wá ń sùn nínú yàrá tí aládùúgbò yá wọn. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ti pè é jókòó: bí kò bá lè kọ́ ilẹ̀ náà, àwọn á fún ẹni tó lè kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi sáré gbẹ́ ìpìlẹ̀ láìgba ìwé kankan, tí àwọn tó ń bojútó ilé kíkọ́ fi wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára bíríkì pé kó dáwọ́ dúró.

Mo bá a kó ohun tí orin Ọ̀gá Bùráímọ̀ ń béèrè jọ. Ó ku àyè. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bojútó ilé kíkọ́. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin láti apá Ọ̀yọ́, ọmọlúàbí ni. Ó kórìíra kéèyàn máa da èdè òyìnbó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ níwájú àgbàlagbà. Ohun tó bá ti fẹ́ sọ, yóò wá Yorùbá rẹ̀ rí.

"Màmá, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó. Ìwé ilẹ̀ yín pé, owó orí yín pé. Ohun kan ṣoṣo ló kù."

"Kí ni, ọmọ mi?"

"Ìfàsẹ́yìn."

Ìyá Rísì wò mí. Ó tún wò ó. "Ìfàsẹ́yìn ta ni?"

"Tiyín, Màmá. Kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìfàsẹ́yìn tó ju báyìí lọ kí a tó lè fọwọ́ sí i."

Obìnrin náà dìde. Ó fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó ta ìka sẹ́yìn. "Aúsùbílà! Orí mi kọ̀ ọ́! Ìfàsẹ́yìn kò ní jẹ́ tèmi, kò ní jẹ́ ti Rísì!"

"Màmá, òfin ni, kì í ṣe èmi."

"Òfin ló ní kí n ní ìfàsẹ́yìn?"

"Gbogbo ènìyàn ló ń ní i, Màmá. Èmi náà ní i nílé mi."

"Ó hàn lára rẹ!" Ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó jáde.

Mo sáré tẹ̀lé e. Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì padà. Èmi wà láàárín, òun wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ń fẹ́. Mo yíjú sẹ́yìn, mo pariwo pé, "Màmá, kì í ṣe èpè! Àyè ni wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀!"

Atẹ́gùn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó yí ohùn rẹ̀ padà. Ìyá Rísì gbọ́ pé ayé ni mo ní kó fi sílẹ̀.

"Dúró! Ọlọ́kadà, gbé mi sọ̀!" Ó bọ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìbàdí láàárín ọ̀nà. "Sàká! Ìwọ tí mo ń bu èènì irú fún! Ọmọ kékeré ní kí n fà sẹ́yìn, ìwọ àgbà ní kí n fi ayé sílẹ̀! Kí ni mo fi ṣe yín?"

Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kadà fi fẹ́ ṣubú. Mo ṣàlàyé, mo ṣàlàyé, etí rẹ̀ ti dí. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi pé òun ti gba àdúrà lọ́dọ̀ ááfà, òun sì ti mọ ohun tí òun fẹ́. "Ya ilé mi síwájú. Kó fẹnu ko títì. Àtẹ̀síwájú ni mo fẹ́."

"Màmá, tírélà ń kọjá níbẹ̀."

"Tírélà ní ọ̀nà tirẹ̀, èmi ní ilé tèmi."

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Bí mo bá yà á bó ṣe wí, wọn ò ní fọwọ́ sí i láéláé. Bí n kò bá yà á, ilẹ̀ ń lọ; àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ti mú ẹnì kan wá wo ibẹ̀, Rísì rí wọn pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, mo lọ bá Ọ̀gá Bùráímọ̀. Ó ti dàgbà nígbà náà, pẹ́ńsù kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní òjò ti rọ̀, kí a lọ tẹ ilẹ̀ náà.

Ó dúró níbi ìpìlẹ̀, ó wo òkè, ó wo títì. Kò dárúkọ òfin rárá.

"Ìyá Rísì, bí a bá ń gbé Rísì níyàwó lọ́la, ibo ni àlejò ó jókòó sí?"

"Iwájú ilé ni, Bàbá."

"Iwájú ilé dà?"

Obìnrin náà wo ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó wo títì. Kò sí ohunkóhun láàárín wọn ju kòtò àgbàrá lọ.

"Èmi rò pé ìyàwó ilé gidi lo jẹ́ nílé ọkọ rẹ," ni Ọ̀gá wí. "Ilé tí kò ní ojúde, orí ìdúró ni wọ́n ti ń kí onílé."

"Ojúde?" Ìyá Rísì pàtẹ́wọ́. "Àbí ojúde lẹ ti ń sọ láti ọjọ́ yìí? Ojúde lẹ wá ń pè ní ìfàsẹ́yìn? Kí ló ṣe yín lẹ́nu nínú ọ́fíìsì yẹn?" Òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ sókè, tó ń fẹ̀yìn rìn kúrò létí títì, tó ń wí pé, "Ṣé ibí tó? Ibí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó tóbi!" Ó kọjá ibi tí òfin ní kó dúró.

Wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ wá síbi ìṣílé, wọ́n jókòó sí ojúde, wọ́n jẹun. Inú òṣìṣẹ́ náà dùn sí ọ̀rọ̀ yìí débi pé ojúde ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Kò sí ẹni tó tún bá a jà. Gbogbo ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojúde sílẹ̀. Mo rí i, mo yin Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojúde kì í ṣófo. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù dé, ó ní kí Ìyá Rísì jẹ́ kí òun dúró díẹ̀. Alákàrà dé. Ẹni tó ń lẹ táyà dé. Rísì náà ra agboòrùn ńlá, ó to mílíìkì àti ṣúgà àti ọṣẹ sábẹ́ rẹ̀. Ọjà tà. Ìyá rẹ̀ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n bí ẹni tó bí gbogbo wọn.

Ọjọ́ ọjà ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mo gbọ́ fèrè tírélà tí kò dákẹ́. Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀kà mọ ohun tí fèrè bẹ́ẹ̀ ń wí: bíréèkì ti já. Sìmẹ́ńtì ló kó. Ó bọ̀ láti orí òkè, ó yà kúrò lójú títì, ó wọ ojúde Ìyá Rísì. Nígbà tí mo fi sáré dé ibẹ̀, gbogbo ayé ti funfun fún sìmẹ́ńtì. Imú tírélà náà dúró níwájú ògiri ilé, kò kàn án. Ẹni tó ń ta káàdì ti fò, alákàrà ti sá. Rísì wà lábẹ́ agboòrùn, agboòrùn wà lábẹ́ táyà.

Kò kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Àwọn kan ní, "Ẹ dúpẹ́. Bí kò bá ṣe ojúde yìí, inú ilé ni ìbá wọ̀." Àwọn kan ní, "Bí kò bá ṣe ojúde, kí ni Rísì ń wá níbẹ̀?" Mo dúró láàárín wọn. Bí àwọn ti àkọ́kọ́ bá sọ tiwọn, n ó mi orí sí i. Bí àwọn ti ìkejì bá sọ tiwọn, n ó mi orí sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ yẹn wá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Ó wọ̀n ọ́n láti títì dé ògiri. "Ó pé, Bàbá," ló wí fún mi. "Ó tilẹ̀ ṣẹ́kù." Ó sì bú sẹ́kún.

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Bùráímọ̀. Ó gé orógbó rẹ̀ jẹ. Ó ní, "Mi ò purọ́ fún un, Sàká. Ojúde ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ojúde ni," ló tún wí, bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ayé sílẹ̀.

Mo tún ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, títí ojú fi ní ó tó. Nígbàkigbà tí mo bá ń kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú ilé nínú pùláànù, ọwọ́ mi á dúró. Àwòrán kò ṣòro: funfun ni, a kì í fi nǹkan kan síbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni kò bọ́ sí mi lẹ́nu mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Rísì àti Rísì wá bá mi nílé. Rísì fi ọ̀pá rìn, ó ti sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ padà síbi ọjà rẹ̀. Ó ní inú ilé kò sí oníbàárà, kò sì sí ẹni tó lè bọ́ òun títí láé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kó òkúta ńláńlá sí gbogbo iwájú ilé, kí ẹnikẹ́ni má lè dúró síbẹ̀ mọ́, àmọ́ ó gbọ́ pé ìyẹn náà, ó di kí ọ́fíìsì fọwọ́ sí i.

"Màmi, ojúde ni," ni Rísì wí. "Ojúde ni wọ́n ti ń tajà. Kí ni wọ́n tún ń fi í ṣe?"

"O gbọ́ ọ, Sàká?" Ìyá rẹ̀ gbá mi lẹ́sẹ̀. "Ìwọ àti ọ̀gá rẹ lẹ sọ ọ́ lórúkọ. Tún un sọ. Fún mi ní orúkọ tí kò ní jẹ́ èpè sí mi lára, tí ọmọ mi á sì gbọ́ tí kò ní gbé àtẹ síbẹ̀."

Mo wá a. Mo wí ọ̀kan, Rísì rẹ́rìn-ín. Mo wí èkejì, ìyá rẹ̀ ta ìka sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn á padà wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Jímọ̀, kí Rísì tó ra agboòrùn mìíràn. Ìwọ tí o ní iṣẹ́ yìí wù ọ́, tí o mọ èdè ju èmi lọ, bí wọ́n bá jókòó síwájú rẹ báyìí, kí ni ìwọ ìbá ní kí wọ́n máa pè é?